Ẹ Bi Tíṣà: Orí Kóńgò àti Ìdí Rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Ìyá méjì ni mo ń ra gàárì lọ́wọ́ wọn. Ìyá àkọ́kọ́ ń ta kóńgò kan ní ₦1,200. Wọ́n á rọ ọ́ títí orí rẹ̀ á fi ga ṣóńṣó, àmọ́ wọ́n ti lu ìdí kóńgò yẹn wọnú. Ìyá kejì ń ta tiwọn ní ₦1,100. Ìdí tiwọn tẹ́jú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá orí rẹ̀ kúrò. Mo fi rúlà ọmọ mi wọ̀n ọ́n: ẹnu kóńgò méjèèjì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 14, wọ́n sì ga ní 10. Òkìtì orí ti àkọ́kọ́ ga ní 6, ìdí rẹ̀ sì wọnú ní 3. Ọ̀dọ̀ ta ni kí n máa lọ? (Ìyàwó ilé kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ rúlà o! Ẹ jẹ́ ká tú u sí wẹ́wẹ́: agolo ni, òkìtì wà lórí rẹ̀, kòtò wà nídìí rẹ̀.

Láti àárín ẹnu agolo dé etí rẹ̀ jẹ́ 7. 22/7 × 7 × 7 jẹ́ 154. Ẹ fi gíga 10 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di mílílítà 1,540. Ohun tí ìyá kejì ń wọ̀n fún yín nìyẹn.

Ohun tó bá ṣe ṣóńṣó, ìdámẹ́ta agolo tí ẹnu àti gíga wọn dọ́gba ló ń gbà. Òkìtì yẹn, 154 × 6 ÷ 3, jẹ́ 308. Èènì yín nìyẹn, ìdámárùn-ún kóńgò gbáko! Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dúpẹ́, tí wọ́n á gbé ọ̀rá wọn lọ. Ẹ wá wo ìdí: 154 × 3 ÷ 3, ó jẹ́ 154. Ìdajì èènì ti gba ìdí padà. (Tó bá rí roboto bí ẹ̀yìn igbá ni, ó lè gbà tó 245.) 1,540 + 308 − 154, ó ku 1,694.

₦1,000 yóò ra 1,412 lọ́wọ́ ìyá àkọ́kọ́, yóò ra 1,400 lọ́wọ́ ìyá kejì. Ìyàtọ̀ wọn ò kún ṣíbí ìjẹun kan. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀ lẹ́nu ọ̀rá, ó ti tán.

Mo mọ ìdí yẹn dáadáa. Alágàárì ni ìyá mi, èmi ni wọ́n sì máa ń rán lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ pé kó bá wọn fi òòlù kan ìdí kóńgò díẹ̀.

Omi ìgò 50cl mẹ́ta ì bá tú àṣírí rẹ̀: kóńgò tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú á gbà á tán, ti ìyá àkọ́kọ́ á ṣàn dànù. Ṣùgbọ́n ìyá wo ló máa jẹ́ kí ẹ bomi sí kóńgò gàárì? Ẹ kàn fi ẹ̀fẹ̀ gbà á lọ́wọ́ wọn, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ wò kí ẹ tó ná an.