Ọmọ ọlọ́wọ́ òsì fẹ́ ta gìtá: ṣé ká yí okùn rẹ̀ padà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 10, ọlọ́wọ́ òsì ni. Gìtá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń ta, ó yí i sódì, ó sì ti ń mú orin jáde níbẹ̀. Màmá mi ní ká fipá mú un lo ọwọ́ ọ̀tún. Àbí ká yí okùn gìtá padà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àníyàn ọmọ o, mà. Ẹ bá mi bẹ Màmá. Bí ọmọ bá fọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ká bá a wí. Ti gìtá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà.

Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan wà ní Amẹ́ríkà, Elizabeth Cotten. Wọ́n bí i lọ́dún 1893 nítòsí Chapel Hill, ní North Carolina. Ọlọ́wọ́ òsì lòun náà. Ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ títí ó fi tu owó jọ ra gìtá, dọ́là 3 àti sẹ́ǹtì 75. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó yí gìtá sódì, kò fọwọ́ kan okùn, ni èyí tó tín-ín-rín bá bọ́ sókè, tí èyí tó nípọn wà nísàlẹ̀. Àtàǹpàkò tí àwa yòókù fi ń ta ohùn ìsàlẹ̀, orin gan-an lòun fi ń ta; àwọn ìka yòókù ló ń bá a gbé ohùn ìsàlẹ̀. Títí dòní, orúkọ rẹ̀ ni àwọn onígìtá fi ń pe irú ìtagìtá bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ló wà nígbà tó ṣe «Freight Train», orin ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù.

Nígbà tó lọ́kọ, tí ṣọ́ọ̀ṣì ní orin ayé kò yẹ ẹ́, ó gbé gìtá tì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣẹ́ ilé ló ń ṣe fún ìdílé Seeger, ìdílé olórin kan ní Washington, kó tó tún mú gìtá. Ọmọ ilé náà, Mike, gba orin rẹ̀ sórí téèpù, Folkways, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo orin jáde, sì gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1958. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún nígbà náà! Ó gba Grammy lọ́dún 1985. Ó kú lọ́dún 1987.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín, mà, ọ̀nà yẹn nira. Àwòrán ìka inú ìwé kò ní bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Ọmọ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá, gìtá ọlọ́wọ́ òsì ni mo máa ń ní kí wọ́n rà fún un. Bó bá sì jẹ́ okùn lẹ fẹ́ yí, ẹ gbé e fún ẹni tó ń tún gìtá ṣe. Ojú tí okùn ń gbà lọ́rùn gìtá kò fẹ̀ bákan náà: okùn tó nípọn kò ní wọlé, èyí tó tín-ín-rín á sì máa gbọ̀n.

Ti ọmọ yín, ẹ ní kó ta orin tó mọ̀ fún yín, kẹ́ ẹ máa wo àtàǹpàkò rẹ̀. Bó bá ń fi wá orin fúnra rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì máa fi àwo Cotten sí i fún un. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń bínú gbé gìtá jù sílẹ̀, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ yí okùn.