Tiréènì ẹgbẹ́ rẹ lórí Hattrick: yan ẹyọ kan, kí o dúró tì í

Ìbéèrè: Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Gwagwalada ni mo ń gbé. Mo ní ẹgbẹ́ kan lórí Hattrick, eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ti ń darí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀, ó ti lé ní sáà méjì báyìí. Bí atamátàsé mi ò bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lọ́sẹ̀ yìí, màá yí tiréènì, ìyẹn ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ ń kọ́ lọ́sẹ̀, sí scoring (gbígbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n). Bí wọ́n bá fi góòlù mẹ́ta lù wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, màá yí i sí defending (dídáàbò bo ẹ̀yìn). Síbẹ̀, ojú kan náà làwọn ọmọ mi wà. Ọ̀rẹ́ mi ní Kaduna, a jọ bẹ̀rẹ̀ ni, ó ti ń ta agbábọ́ọ̀lù lówó gọbọi. Kí ló ń ṣe tí èmi ò ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, atamátàsé tí mo fẹ́ràn jù ti pé ọmọ ọdún 27, ṣé kí n ṣì máa kọ́ ọ? Iná àti data náà ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe déédéé lọ́dọ̀ wa.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mo rí ibi tó ti ń jò. Àwọn ọmọ rẹ ń kọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń kọ́ ti fọ́n ká. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bọ́ọ̀lù ní Kubwa níbí. Lórí pápá, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, a ó sáré, a ó gbá bọ́ọ̀lù fún ara wa, a ó gbá a sáwọ̀n, nítorí ara ọmọ ènìyàn nílò gbogbo rẹ̀. Hattrick, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Sweden lọ́dún 1997, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìpín tó ń lọ sí stamina (okun ara), ẹ̀kọ́ kan péré ni o lè yàn fún gbogbo ẹgbẹ́ lọ́sẹ̀ kan.

Wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ká ní ọmọ kan wà ní ipele tí wọ́n ń pè ní passable nínú playmaking, ìyẹn dídarí eré láàárín pápá. Passable ni wàá máa rí títí yóò fi bọ́ sí solid, ipele tó tẹ̀ lé e. Ohun tó ń kó jọ láàárín méjèèjì, eré náà kì í fi hàn ọ́. Bí o bá fi ọ̀sẹ̀ méjì sí playmaking, tí o wá yí i sí scoring, ohun tó ti kó jọ kò ṣòfò, ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò kún. O tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, òun náà ò kún. Ìwọ náà mọ̀ pé mai ruwa, ẹni tó ń ta omi, kì í gbé kẹ́ẹ̀gì tí kò kún wá fún oníbàárà. Ohun tí ọmọ rẹ bá ní láàárín ipele kan sí èkejì, ẹni tó fẹ́ rà á kò lè rí i, kò sì ní sanwó rẹ̀.

Nítorí náà, yan ẹyọ kan, kí o má sì yí i padà fún sáà méjì, ó kéré tán. Bí wọ́n bá fi góòlù mẹ́ta lù ọ́, ọjà ni kí o gbà lọ, má fọwọ́ kan tiréènì. Ra ẹni tó ti dàgbà tó ń gbá ẹ̀yìn dáadáa, bí ọmọ ọdún 29 tàbí 30. Owó irú wọn kì í sábà wọ́n, nítorí kò sẹ́ni tó ń rà wọ́n láti kọ́ wọn.

Ẹyọ wo ni kí o wá yàn? Goalkeeping, ìyẹn ẹ̀kọ́ aṣọ́lé, tètè máa ń yá, ṣùgbọ́n aṣọ́lé kan ṣoṣo ló ń wà lójú pápá, nítorí náà ọmọ méjì péré ni wàá rí kọ́ lọ́sẹ̀. Defending gba èèyàn púpọ̀, tó márùn-ún nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kì í yá bẹ́ẹ̀. Fún ẹgbẹ́ bíi tìẹ, playmaking ni mo fara mọ́, tọkàntọkàn. Àárín pápá ló ń pinnu ẹgbẹ́ tí yóò ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ jù, òun náà ló sì ń pinnu bí àǹfààní àtigbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n yóò ṣe pín. Àwọn tí o ń kọ́ láti tà yóò máa ṣiṣẹ́ fún ọ kí o tó tà wọ́n. Owó oṣù wọn máa ń wọ́n bí wọ́n bá ti gòkè, fi ìyẹn sọ́kàn.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù rèé, mo sì fura pé ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ ti gbà ṣáájú rẹ. Ọmọ tí kò bá gbá bọ́ọ̀lù ní ipò tí ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà wà fún kò ní rí nǹkan tó pọ̀ mú. Fún playmaking, àwọn mẹ́ta tó wà ní àárín gangan ló ń gbà á tán. Àwọn méjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ń gba ìdajì. Ìṣẹ́jú 90 ló sì tó fún ọmọ kan lọ́sẹ̀. Ohun tó bá gbá lé e lórí, òfo ni ní ti ẹ̀kọ́.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì lo ní lọ́sẹ̀: ti líìgì ní òpin ọ̀sẹ̀, àti ti àárín ọ̀sẹ̀, tí í ṣe ti ife ẹ̀yẹ tàbí ti ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá ti já ọ. Bí o bá kó àwọn mẹ́ta kan náà sáàárín nínú méjèèjì, ọmọ mẹ́ta lo kọ́. Bí o bá fi mẹ́ta gbá líìgì, tí o fi mẹ́ta mìíràn gbá ti ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́, ọmọ mẹ́fà lo kọ́ lówó kan náà. Má ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kankan kọjá láìní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́, má sì da ara rẹ láàmú bí wọ́n bá nà ọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn ti líìgì, ka ìròyìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà dáadáa. Bí o bá rí i pé wọ́n pààrọ̀ ọmọ kan ní ìṣẹ́jú 40, ìṣẹ́jú 50 ló ṣẹ́ kù fún un. Bí kò bá fara pa, dá a padà sáàárín ní àárín ọ̀sẹ̀.

Ipò tí a bá fi ọmọ sí ló ń sọ ọ́ di ohun tó máa dà, kódà lójú pápá gidi. Mikel Obi, ọmọ Jos, ẹni tó ń dá góòlù sílẹ̀ ló jẹ́ nígbà tó gba Bọ́ọ̀lù Fàdákà níbi ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ lọ́dún 2005, lẹ́yìn Messi. Nígbà tó dé Chelsea lọ́dún 2006, wọ́n fi í síwájú àwọn ẹ̀yìn láti máa dáàbò bò wọ́n, ibẹ̀ náà ni ayé sì mọ̀ ọ́n mọ́.

Ní ti ọjọ́ orí, ọmọ ọdún 17 ló ń tètè kọ́ nǹkan jù, lẹ́yìn náà, ọdọọdún ni ó ń fà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni bí ipele bá ṣe ń ga sí i ni ó ń le sí i. Ọjọ́ 112, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 16, ni ọdún kan nínú eré náà, sáà kan gan-an nìyẹn. Torí náà, nígbà tí o bá ń ra ọmọ, wo iye ọjọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún rẹ̀. Ẹni ọdún 17 àti ọjọ́ 5 ṣì ní odindi sáà kan kó tó pé 18, ẹni ọdún 17 àti ọjọ́ 105 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lò ó tán. Mo ti rí àwọn tó san iye kan náà fún irú ọmọ méjèèjì, ó sì máa ń dùn mí fún wọn.

Atamátàsé rẹ ọlọ́dún 27? Má wulẹ̀ tà á torí ohun tí mo sọ yìí. Bí playmaking bá ni ẹ̀kọ́ rẹ, kò gba àyè ọmọ kankan, iwájú ló wà. Jẹ́ kó máa gbá líìgì fún ọ. Ohun tí mo sọ pé kí o má ṣe ni kí o yí tiréènì gbogbo ẹgbẹ́ sí scoring nítorí rẹ̀. Ọjọ́ tí owó oṣù rẹ̀ bá ju góòlù tó ń gbá wọlé lọ ni kí o wá olówó fún un, kí o má sì pẹ́ jù, torí iye rẹ̀ lọ́jà yóò máa já wálẹ̀ bó bá ti ń dàgbà.

Kóòṣì tó dára ń mú kí ẹ̀kọ́ yá. Igbákejì kóòṣì náà ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ewu ìfarapa a máa pọ̀ sí i. Fi agbára tiréènì sí ìdá 100 nínú 100, kí o fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ti iná àti data, ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Ìwé kíkà ló pọ̀ jù nínú eré yìí, kì í jẹ data bíi fídíò. Ìgbà tí iná bá wà, jókòó lẹ́ẹ̀kan, kí o to ẹgbẹ́ fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Kí o sì ṣọ́ aago: aago Sweden ni eré náà ń lò. Ó bá tiwa mu ní ìgbà òtútù wọn, ṣùgbọ́n láti ìparí oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Kẹwàá, ó fi wákàtí kan ṣáájú wa. Bí wọ́n bá kọ aago mẹ́wàá síbẹ̀ nígbà yẹn, aago mẹ́sàn-án ni ní Gwagwalada.