Ẹ Bi Ìyá Géèmù: Kóòṣì tó ní ikùn mi á wọlé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Géèmù. Ẹni ọdún 46 ni mí, àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí mo lọ yẹ ara wò, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 152 lórí 96. Dókítà fún mi lóògùn, ó ní kí n máa lo ara, kí n sì jò díẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń kọ́ àwọn èèyàn léré ìdárayá, apá rẹ̀ tó itan mi. Ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ikùn mi á wọlé. Ó fẹ́ kí n san owó oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, 90,000 náírà, kí n sì máa ra tíì kan lọ́wọ́ òun. Eékún ọ̀tún máa ń dùn mí. Ọkọ mi náà ní òun ò fẹ́ kí géńdé kankan máa fọwọ́ tọ́ ìyàwó òun ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú

Ìyá Aládìrẹ, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Owó oṣù mẹ́ta tí ẹ bá kó fún un lónìí, ó ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, kí lẹ fẹ́ fi mú un?

Apá rẹ̀ tó tó itan yín yẹn, òun ló ni ín. Ẹ̀yin tí ẹ mọ aṣọ, ẹ mọ̀ pé a kì í wo ẹ̀wù ọrùn télọ̀ ká tó gbé aṣọ fún un. Èyí tó rán fún àwọn oníbàárà rẹ̀ là ń wò. Ẹ lọ síbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ máa wò ó. Ta ló ń kọ́? Ṣé àwọn ọmọ ọdún 22 nìkan ni, àbí obìnrin bíi tiyín wà níbẹ̀? Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ṣé ojú rẹ̀ wà lára wọn, àbí fóònù ló ń tẹ̀? Bó bá rẹ ẹnì kan, ṣé ariwo ló ń pa mọ́ ọn, àbí ó dín iṣẹ́ náà kù fún un? Tí wọ́n bá ṣe tán, ẹ pe obìnrin kan sí kọ̀rọ̀, ẹ bi í pé ó ti tó ìgbà wo tó ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni yìí. Ẹni tí oníbàárà ń pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ sàn ju ẹni tí fọ́tò rẹ̀ pọ̀ lórí WhatsApp lọ.

Ìbéèrè tó bá bi yín kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan ni ẹ máa fi mọ kóòṣì gidi. Á bi yín bóyá àyà máa ń dùn yín, bóyá òòyì ń kọ́ yín, oògùn wo lẹ ń lò, iṣẹ́ abẹ wo ni wọ́n ti ṣe fún yín rí. Á gbé àga kan sílẹ̀, á ní kí ẹ jókòó, kí ẹ sì dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Kò ní wo ojú yín nígbà yẹn o. Eékún yín ló máa wò, bóyá méjèèjì ń wọ inú síra wọn, bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lẹ fi ń gbé ara. Àwọn mìíràn á tiẹ̀ ní kí ẹ bọ́ bàtà, wọ́n á dorí ẹ̀ kodò láti wo ibi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ. Èyí tó bá kàn rí yín tó ní, “Màmá, ó yá, ẹ sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀márùn-ún,” ẹ sọ fún un pé ẹ ń bọ̀, kí ẹ sì máa lọ sí ìsọ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ ìfúnpá yìí gan-an ló jẹ mí lógún. 152 lórí 96 ti kọjá 140 lórí 90 tí àwọn dókítà ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n kò ní kí ẹ jókòó tẹtẹrẹ. Lílo ara wà lára ìtọ́jú rẹ̀. Bó bá fi lè dé 180 lórí 120, ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ, kì í ṣe pápá. Ẹ mú páálí oògùn yín dání lọ fi han kóòṣì. Àwọn oògùn kan, irú atenolol, máa ń dín bí ọkàn ṣe ń yára lù kù. Kóòṣì tó bá ń fi aago ọwọ́ ka ìlù ọkàn, iye tó rí lè tàn án: á rò pé ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan, nígbà tí ẹ ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹnu yín ni kí ó fi wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá ń rìn kánmọ́kánmọ́, tí ẹ ṣì lè bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ àmọ́ tí ẹ ò lè dá orin, ibẹ̀ gan-an ló yẹ. Bó bá sì gbé irin lé yín lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ máa gbọ́ èémí yín. Ẹni tó ń há èémí mọ́nú nígbà tó ń gbé nǹkan wúwo, ìfúnpá rẹ̀ á fò sókè lójú ẹsẹ̀.

Eékún yẹn, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ fún àwọn físíò, àwọn tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé ara, ní Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà, kí kóòṣì tó dá sí i. Mo mọ àwọn kan tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn Olúmọ ni wọ́n ń kó oníbàárà tuntun lọ gùn lọ́jọ́ kìíní! Ìsọ̀kalẹ̀ ibẹ̀ ló ń fìyà jẹ eékún ju gígùn lọ. Itan á máa ro èèyàn fún ọjọ́ méjì-mẹ́ta, ìyẹn ò burú. Àmọ́ bí ìtọ̀ bá ṣú lẹ́yìn eré àṣejù, tí àwọ̀ rẹ̀ di ti kóòkì, ẹ má dúró dọ̀la, ọsibítù yá.

Ikùn wọlé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Irọ́ ni. Kò sí eré kankan tó ń yọ ọ̀rá ojú kan kó fi ti ibòmíràn sílẹ̀. Gbogbo ara ló ń jò pọ̀, ara ló sì ń yan ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ìdajì kílò sí kílò kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀ ti gbìyànjú. Ní ti tíì, ewé tó ń múni yàgbẹ́ ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Omi àti iyọ̀ ara lẹ máa yà dànù, ọ̀rá á wà níbẹ̀ digbí, ẹni tó sì ń lo oògùn ìfúnpá kò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn ṣeré. Láfún tó kún abọ́ lálẹ́ lọ́wọ́ nínú ikùn yẹn o. Ègbá lèmi náà, mo mọ bó ṣe ń bá ewédú lọ. Ẹ dín òkèlè kù, kí ẹja àti ọbẹ̀ pọ̀ sí i.

Owó ńkọ́? Ẹ ní kó máa gba ti ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí àdéhùn wà ní kíkọ, ó kéré tán lórí fóònù: ọjọ́ wo, aago mélòó, bí òjò bá rọ̀ ńkọ́, bí òun ò bá wá ńkọ́, bí ẹ̀yin ò bá ráyè ńkọ́. Bó bá wọ́n jù, ẹ̀yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ìsọ̀ yín súnmọ́ra lè dáwó jọ gba ẹnì kan, kí ẹ máa ṣe é kí ọjà tó kún. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó lọ́dọ̀ rẹ̀, fún àwọn eré tó ń fún iṣan lágbára. Ìyókù, ẹsẹ̀ yín ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lo ara lọ́sẹ̀, ìyẹn ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún. Láti Ìtòkú dé Ṣàpọ́n kì í ṣe ohun tí à ń torí ẹ̀ gun ọ̀kadà.

Ọkọ yín ò jẹ̀bi. Kóòṣì tó mọṣẹ́ á fẹnu ṣàlàyé, á fi ara rẹ̀ ṣe é kí ẹ wò. Bó bá di dandan kó tọ́ apá tàbí ẹ̀yìn yín sọ́nà, á kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ẹ mú baba dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ibi gbangba ni kí ẹ ti máa ṣe é. Bí ọkàn wọn ò bá tíì balẹ̀, àwọn obìnrin wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹ wádìí láàárín àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ eré ìdárayá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Òṣíẹ̀lẹ̀. Ẹni tó bá ní òun gba ìwé ẹ̀rí Amẹ́ríkà, irú ACE, NASM tàbí ACSM, ẹ gba nọ́ńbà ìwé náà, kí ọmọ yín bá yín yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ sì bi í bóyá ó mọ bí a ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró, torí àwọn yẹn kì í fúnni níwèé láìkọ́ ọ.

Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ ọdún 23 ni mí. Kóòṣì mi ní abẹ́rẹ́ kan wà tí mo lè gbà kí àyà mi lè kún kó tó di Dìsẹ́ńbà. Ṣé kò léwu? — Ọmọ Ọbáńtokò

Ó léwu. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wú iṣan yẹn máa ń jẹ́ kí kóró ẹpọ̀n súnkì, àtọ̀ á dín kù, ó sì ń ba ọkàn jẹ́. Ṣé o ti bímọ ni? Wá kóòṣì mìíràn. Jẹ ẹyin, jẹ ẹ̀wà, gbé irin lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí o sì máa sùn lóru dípò fóònù títẹ̀. Ibi tí Dìsẹ́ńbà bá bá àyà ẹ, kó bá a níbẹ̀.

Ìyá Géèmù, mo kí yín. Mo ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún 67 ni mí, mo ní ìtọ̀ ṣúgà. Mò ń rìn yí Ìbarà ká láràárọ̀. Àwọn ọmọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ máa san owó kóòṣì tí á máa wá bá mi nílé. Ṣé kì í ṣe ìnákúnàá? Wọ́n ti fi bàtà eré ránṣẹ́, ó kàn ń fún mi níka ẹsẹ̀ díẹ̀ ni. — Baba Ìbarà

Baba, ẹ gbà fún wọn, àmọ́ kó má jẹ́ títí láé. Rírìn yẹn dáa fún ọkàn, ẹ má fi sílẹ̀. Ohun tí kò lè ṣe tó ni iṣan itan, tó ń dín kù bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, òun náà ló sì ń jẹ́ kí àgbà ṣubú ní balùwẹ̀. Oṣù méjì tó fún kóòṣì láti kọ́ yín bí ẹ ṣe máa dìde lórí àga láìdi nǹkan mú, bí ẹ ṣe máa fọwọ́ ti ògiri, bí ẹ ṣe máa dúró lórí ẹsẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Kó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ní lẹ́tà gàdàgbà, kó máa lọ. Kó wá yẹ̀ yín wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi dókítà bóyá oògùn yín jẹ́ irú èyí tó lè já ṣúgà wálẹ̀ jù bí ẹ bá ń lo ara, kí súìtì sì wà lápò yín ní gbogbo ìgbà.

Bàtà yẹn ni mi ò fara mọ́. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè má tètè mọ̀ bí bàtà bá ń dá egbò sí i lẹ́sẹ̀, egbò náà kì í sì í yára jinná. Ẹ fún ọmọ ọmọ yín, kí ẹ ní kí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù fi èyí tó fẹ̀ ju ìyẹn lọ ránṣẹ́.