Olú inú agolo ṣokoléètì

ÌBÉÈRÈ

Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ọmọ ọdún 41. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ báyìí tí ayé ti sú mi. Aṣọ ẹgbẹ́ tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan kó fún mi láti rán fún Ojúde Ọba ṣì wà nílẹ̀, ọ̀kan kò tíì kúrò nínú ọ̀rá. Bí mo bá jókòó ti máṣíìnì, ó lè gbà mí tó wákàtí kan kí n tó fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Oorun kò sí, oúnjẹ kò wù mí. Nígbà míì ó máa ń ṣe mí bíi kí n sùn kí ilẹ̀ má mọ́ bá mi.

Pásítọ̀ wa ti gbàdúrà. Ilé ìwòsàn kan fún mi ní amitriptyline, mo lò ó fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹnu mi gbẹ, ojú mi ń wúwo, ni mo bá pa á tì. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Melbourne, ní Ọsirélíà, wá sọ pé olú ni àwọn dókítà fi ń wo ìsoríkọ́ lọ́dọ̀ àwọn, pé ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń lò ó. Ó ní òun máa kó díẹ̀ sínú agolo ṣokoléètì fún ọ̀rẹ́ òun tó ń bọ̀ wálé fún Ojúde Ọba. Ẹ̀rù ń bà mí, torí bàbá wa, kí wọ́n tó di olóògbé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé wọn lọ sí Aro. Wọ́n máa ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ kí tèmi dé bẹ̀. Ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ olú yìí? Ṣé kí n gbà á?

Aránṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ kọ iṣẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Má gba agolo yẹn. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, torí kì í ṣe pé mo fẹ́ sọ àbúrò rẹ di òpùrọ́.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ oògùn, odindi ló yẹ ká sọ. Òótọ́ ni pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2023, ìjọba Ọsirélíà ti gbà kí àwọn dókítà ọpọlọ tí wọ́n fún láṣẹ máa lo psilocybin, èròjà tó wà nínú olú náà, fún ẹni tí ìsoríkọ́ rẹ̀ kò gbọ́ oògùn mìíràn. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni tó bá kàn wọlé. Kì í sì í ṣe nǹkan tuntun. Àwọn Mazatec ní ilẹ̀ Mexico ti ń fi olú yìí ṣe ìwòsàn lóru tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Albert Hofmann tó yọ èròjà rẹ̀ sọ́tọ̀ ní Switzerland lọ́dún 1958.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣe fún àwọn kan. Èsì ìwádìí ńlá kan jáde lọ́dún 2022: èèyàn 233 ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta, àwọn kan gba mílígírààmù 25, àwọn kan 10, àwọn kan 1 péré. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nínú èèyàn 100 tó gba 25, bíi 37 ni ara wọn ti yá gan-an. Nínú àwọn tó gba 1, bíi 18. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejìlá, agbára rẹ̀ ti dín kù. Orí fọ́ àwọn kan, èébì gbé àwọn kan, àwọn míì sì wà tí èrò ikú ṣì ń wá sí lọ́kàn. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, ní London, wọ́n gbé olú náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ escitalopram, oògùn ìsoríkọ́ tí a mọ̀, láàárín èèyàn 59. Lórí ìwọ̀n tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe ìwádìí náà, wọn kò rí ìyàtọ̀ gidi kan láàárín àwọn méjèèjì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ohun tí àbúrò rẹ fò dá rèé. Kì í ṣe pé wọ́n fún wọn ní olú kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Wọ́n kọ́kọ́ fi ọgbọ́n yọ wọ́n kúrò lórí oògùn tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Wọ́n bá wọn jókòó sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Lọ́jọ́ náà, ẹni tó fẹ́ lò ó á dùbúlẹ̀ sí yàrá tó dà bíi pálọ̀, wọ́n á fi aṣọ bò ó lójú, orin á máa dún jẹ́jẹ́, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn á jókòó tì í fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, títí ojú rẹ̀ á fi wálẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á tún pè é padà láti sọ ohun tó rí. Ta ló máa jókòó tì ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ? Bí ẹ̀rù bá bà ọ́ ní wákàtí kejì, tí ògiri ń mí, tí o sá jáde sójú títì, ta ló máa dì ọ́ mú?

Mo ti rí díẹ̀ nínú irú rẹ̀. Ọdún 29 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì. Ketamine, tí wọ́n ti ń fi kunni lóorun ní tíátà tipẹ́, mọ̀lẹ́bí ọ̀rọ̀ yìí ni. Láti 2019 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń fín símú fún ìsoríkọ́ tó le. Obìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún jí sí mi lọ́wọ́, ó ní ìyá òun tó ti kú ń rin ewùrà lórí àjà, pé kí n lọ gbé igbá wá. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó yá. Ẹlòmíì tí kò sí ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ariwo ló ń pa, ó sì fa okùn omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ já.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bàbá yín. O kàn fi í sí ìparí lẹ́tà bí olóúnjẹ ṣe ń fi èènì lé gàrí, àmọ́ èènì yẹn gan-an ni ọjà. Ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá ti ní àìsàn tó ń múni bá ẹni àìrí sọ̀rọ̀, púpọ̀ nínú àwọn ìwádìí yìí kì í gbà á wọlé rárá, torí olú yẹn lè jí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ dìde lára ẹni tó jogún rẹ̀. Ìwọ tí o ní o kò fẹ́ kí tìrẹ dé bẹ̀, Melbourne tí àbúrò rẹ wà gan-an, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá ọ padà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá kan náà ló bí òun náà o. Kí òun fúnra rẹ̀ má dán an wò.

Mi ò tíì sọ ti NDLEA. Èèwọ̀ ni olú yìí nílẹ̀ wa, wọn kò sì ní bi ọ̀rẹ́ àbúrò rẹ léèrè bóyá ìsoríkọ́ ni ó torí ẹ̀ gbé e. Ẹ̀yin míì tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba oko Ìjẹ̀bú-Igbó lọ ṣa olú kiri. Èyí tó ń pani pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí amitriptyline. Ọjọ́ mẹ́sàn-án! Ẹnu gbígbẹ àti ojú wíwúwo ló kọ́kọ́ ń dé, ìtura ń bọ̀ lẹ́yìn, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà. Ẹni tó fún ọ ni ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀, mo sì bá a wí níbí. Oògùn tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́sàn-án lo fún un, a kò tíì lè sọ pé ó kọ̀. Má tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ o. Èyí tó ṣẹ́kù, kó o fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé kó bá ọ tọ́jú rẹ̀, torí gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí kò jẹ́ kí n sùn: kí ilẹ̀ má mọ́ bá ọ. Lọ́la ni kí o lọ, má dúró de ọjọ́ Monday. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ọlábísí Ọnábánjọ wà ní Ṣàgámù, Aro náà kò jìnnà. Mú ẹnì kan dání. Gbólóhùn yẹn ni kí o kọ́kọ́ sọ fún dókítà, kí o tó sọ̀rọ̀ oorun tàbí oúnjẹ. Èkejì ni ọ̀rọ̀ bàbá yín, torí ó lè yí oògùn tí wọ́n máa kọ fún ọ padà. Ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò pẹ̀lú.

Mo mọ̀ pé orúkọ Aro ń dẹ́rù bà ọ́. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1954, inú abúlé, lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, ló ní kí àwọn aláìsàn máa gbé, kí wọ́n máa bá wọn jẹun, kí wọ́n máa bá wọn roko.

Sọ fún àbúrò rẹ pé mo kí i. Kó fi owó tó fẹ́ fi ra olú ránṣẹ́ fún owó mọ́tò àti oògùn. Kó sì máa pè ọ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ tiwa, ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ tiwọn, kó gbọ́ ohùn rẹ.

Ní ti aṣọ ẹgbẹ́, pe alága wọn lónìí, sọ pé ara rẹ kò dá, kí wọ́n pín in fún aránṣọ méjì míì. Fi bùbá kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ara rẹ, èyí tó rọrùn jù.