Ẹ má tíì kọ “spio” sára ìgò yẹn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ kó ọmọ kòkòrò lábẹ́ òkúta odò, ìwé tó wà lọ́wọ́ yín pè é ní Neoperla spio (Neoperla jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò odò tí òyìnbó ń pè ní stonefly, spio sì ni orúkọ ẹ̀yà), ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́.

Pé Neoperla ni, mo gbà. Ìrù méjì, èékánná méjì lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun èémí tó pẹ̀ka wúruwùru bí òwú lábẹ́ àyà, ojú kéékèèké méjì péré lórí níbi tí ọ̀pọ̀ nínú ìdílé rẹ̀, Perlidae, ti ní mẹ́ta. Orúkọ kejì ló le. Onímọ̀ kòkòrò kan, Newman, ló sọ spio lórúkọ ní 1839, ó sì pẹ́ tí wọ́n fi ń da gbogbo Neoperla Áfíríkà sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yẹn. Àwọn tó tún un yẹ̀ wò, pàápàá Peter Zwick, ti fi hàn pé ẹ̀yà púpọ̀ ló wà níbẹ̀.

Àwọ̀ ò lè gbà yín. Mo ti mú akọ méjì lóru lábẹ́ iná kan náà, àmì orí wọn dọ́gba, ìyẹ́ wọn dọ́gba. Nígbà tí mo fa nǹkan akọ wọn yọ lábẹ́ máíkírósíkópù, ẹ̀gún tó kún ara ti ọ̀kan kò sí lára ìkejì rárá. Ibẹ̀ gan-an ni ìdánimọ̀ wà. Kí akọ tó kú, ẹ rọra fi ẹ̀mú tẹ ikùn rẹ̀ títí nǹkan náà yóò fi yọ síta, kí ẹ tó fi í sínú ọtí. Bó bá ti gan sínú ọtí, omi KOH (potassium hydroxide) ni ẹ óò fi rọ̀ ọ́. Iṣẹ́ sùúrù ni, ó sì máa ń ya. Abo tí ẹyin inú rẹ̀ ti gbó náà wúlò, torí ilà ara èèpo ẹyin máa ń yàtọ̀.

Ọmọ inú omi ò tíì ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Ẹ ṣa àwọn tí àpò ìyẹ́ wọn ti dúdú, ìyẹn àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n di àgbà, ẹ fi wọ́n sínú omi odò tútù tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ dáadáa, lọ́kọ̀ọ̀kan, torí apẹran ni wọ́n, wọ́n lè jẹ ara wọn. Bí ọ̀kan bá bọ́ awọ tó di àgbà, inú ìgò kan náà ni kí òun àti awọ rẹ̀ wà. Láìsí awọ yẹn, kò sí ẹ̀rí pé ọmọ báyìí ló di àgbà báyìí, àfi tí ẹ bá lówó DNA.

Títí dìgbà náà, ẹ kọ Neoperla sp. (ìyẹn ni pé a ò tíì mọ ẹ̀yà rẹ̀), orúkọ odò àti ọjọ́. Kòkòrò yìí la fi ń mọ̀ bóyá omi ṣì mọ́. Orúkọ tí kò dájú á ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́. Bí ẹ bá rí akọ, ẹ ya fọ́tò ìpín ikùn keje àti ìkẹjọ látòkè, ẹ fi ránṣẹ́ síbí.