Levoit láti Amẹ́ríkà tàbí Xiaomi níbí: èwo ló yẹ yàrá kan ní Láfẹ́nwá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Yàrá kan ni èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń gbé ní Láfẹ́nwá, l'Abẹ́òkúta níbí, lẹ́bàá títì tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí méjìlá ni yàrá náà. Ikọ́ fée ń yọ ọmọ yìí lẹ́nu, bí ọyẹ́ bá sì ti dé, a kì í sùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà l'Amẹ́ríkà fẹ́ ra Levoit Core 300, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ eruku inú afẹ́fẹ́ yàrá, fún wa, kó fi sínú ẹrù tó ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má gbà, pé kí n ra Xiaomi Smart Air Purifier 4 Compact níbí. A ní inverter kékeré, bátìrì kan ṣoṣo. Èwo ni kí n mú? Ṣé ó sì máa bá mi kápá èéfín jẹnẹrétọ̀ àwọn alájọgbélé wa?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọyẹ́ o, màmá. Ọlọ́run á bá wa wo ọmọ.

Ìbéèrè tí ẹ fi kádìí ọ̀rọ̀ yín ni n óò kọ́kọ́ dáhùn, torí ohun tó lè gbẹ̀mí gbogbo ará yàrá lóru ọjọ́ kan ni. Rárá o. Kò sí èyí tó lè kápá èéfín jẹnẹrétọ̀ nínú ẹ̀rọ méjèèjì. Ẹ ti sẹ́ ògì rí. Ẹ mọ̀ pé èérí ló ń dúró sórí asẹ́, omi á sì kọjá lọ ní tirẹ̀. Bí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: fáànù inú wọn á fa afẹ́fẹ́ yàrá gba inú asẹ́ kan tó dà bíi bébà tí wọ́n ká pọ̀, eruku á há síbẹ̀, afẹ́fẹ́ á bọ́ síta. Èyí tó ń pani nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ ni gáàsì tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Omi ògì ni gáàsì yìí, kì í ṣe èérí. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kò sì sí asẹ́ tó ń dá a dúró nínú èyí tí ẹ fẹ́ rà.

Ohun tó tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù ni èédú tí wọ́n máa ń fi sínú asẹ́ náà. Èédú yẹn ń dín òórùn kù. Nítorí náà, ẹ lè tan ẹ̀rọ sílẹ̀, kí ẹ má gbọ́ òórùn èéfín mọ́, kí ọkàn yín balẹ̀, kí gáàsì sì wà nínú yàrá bó ṣe wà. Ẹ bá àwọn alájọgbélé yín sọ̀rọ̀, ẹ pe lánlọ́ọ̀dù sí i bó bá gba bẹ́ẹ̀: kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó ogún ẹsẹ̀ bàtà, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọjú sí ibòmíràn. Bí orí bá ń fọ́ ẹ̀yin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ yín, tí èébì ń gbé yín, ìta gbangba ni kí ẹ kọ́kọ́ sá bọ́ sí, kí ẹ tó máa wá ìdí rẹ̀. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ yìí, torí ẹ̀gbọ́n yín wúlò níbẹ̀ gan-an.

Ó yá, eruku ló kàn. Iṣẹ́ fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni mo ń ṣe, àwọn ẹ̀rọ asẹ́-afẹ́fẹ́ yìí sì ti ń dé ọwọ́ mi láti ìgbà tí àwọn ará òkè òkun ti ń fi wọ́n ránṣẹ́ sílé. Ohun tí àwọn tó ń tà á máa ń pariwo jù ni pé asẹ́ rẹ̀ ń mú 99.97 nínú 100. Ìwọ̀n tí Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ fún asẹ́ HEPA nìyẹn, lórí eruku tó kéré tó 0.3 micron. Irun orí èèyàn tó nǹkan bí 70 micron, ẹ wo bí èyí ti kéré tó. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ní asẹ́ tó dára jù ní gbogbo Ẹ̀gbá, tó wá ń fi ṣíbí da ògì sí i, ìgbà wo ló máa sẹ́ ẹ tán? Iye afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń sẹ́ ní wákàtí kan ló jù. Nọ́ńbà tó ń sọ ìyẹn lára páálí ni CADR.

Ti Levoit Core 300, bí àwọn tó ṣe é ṣe kọ ọ́, jẹ́ kúbíìkì mítà 240 ní wákàtí kan. Ti Xiaomi 4 Compact jẹ́ 230. Bí àjà yàrá yín bá ga tó ẹsẹ̀ mẹ́wàá, gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ bíi kúbíìkì mítà 34. Ẹ fi 34 pín 240, ìgbà méje ni. Ẹ fi pín 230, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méje náà. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lè sẹ́ afẹ́fẹ́ tó kún yàrá yín bí ẹ̀ẹ̀méje láàárín wákàtí kan. Ìlànà tí AHAM, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ilé l'Amẹ́ríkà, fi ń yan ẹ̀rọ fún yàrá kò tó ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Ní ti ká sẹ́ eruku, ọgbọọgba ni wọ́n, àwọn méjèèjì ló sì tó yàrá yín. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé Core 300 tó ilé tó ju ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà lọ, irọ́ kọ́ o, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ní wákàtí kan ni wọ́n fi ṣírò ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe nǹkan kan fún ọmọ tó ní ikọ́ fée.

Nígbà tí wọ́n ti dọ́gba níbẹ̀, ibòmíràn ni ká ti wá ohun tó yà wọ́n.

Iná ni àkọ́kọ́, òun ló sì jù lọ́kàn tèmi. Core 300 tí ẹ̀gbọ́n yín bá rà ní ṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà, iná 120 fólútì ni wọ́n ṣe é fún. Iná tiwa jẹ́ 230. Bí ẹ bá kì í bọ ògiri báyìí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi ṣe fújà, lẹ́yìn náà ẹ ó gbọ́ òórùn. Oníbàárà mi kan ní Kútọ̀ fi blender tó ti Amẹ́ríkà wá ṣe bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì. Ata kò tíì fọ́ tán tí èéfín fi gba kíṣìnnì. Lóòótọ́, ẹ lè ra transformer tó ń sọ 230 di 110. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń gbóná, òun náà ń jẹ iná, ọjọ́ kan á sì wà tí ẹnìkan nínú ilé á yọ ẹ̀rọ kúrò lára rẹ̀, tí á lọ kì í bọ ibòmíràn. Levoit ń ṣe èyí tó bá iná 220 sí 240 mu fún àwọn ará Yúróòpù. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ní ojúlùmọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tó lè bá yín mú irú rẹ̀ bọ̀, ọ̀rọ̀ di méjì nìyẹn.

Bátìrì yín ló kàn. Ká ní bátìrì 12 fólútì, 100 Ah ni, irú èyí tó wọ́pọ̀. Bó bá jẹ́ olómi tàbí jẹ́ẹ̀lì, ìdajì rẹ̀ ni ẹ lè lò láìba á jẹ́, ìyẹn nǹkan bí 600 wáàtì-wákàtí, kí á má tíì ka èyí tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ. Levoit lè jẹ 45 wáàtì, Xiaomi 27. Bí ẹ bá tan wọ́n fún wákàtí mẹ́jọ ní ìpele tó ga jù, Levoit á jẹ 360, ó ti ju ìdajì 600 yẹn lọ; Xiaomi á jẹ 216, díẹ̀ ló fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. Fáànù àti gílóòbù sì ṣì ń dúró de tiwọn. Ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ lè sọ pé kò já mọ́ nǹkan. Ẹ̀yin àti èmi mọ ìlú tí à ń gbé.

Ní ti ariwo, àwọn méjèèjì dákẹ́ ní ìpele ìsàlẹ̀: Levoit kọ 24 decibel, Xiaomi kọ 20. Etí ọmọ tó ń sùn kò mọ ìyàtọ̀ ìyẹn. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé 240 àti 230 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ìpele òkè pátápátá ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá fi sí ìpele oorun, iṣẹ́ tó ń ṣe á lọ sílẹ̀ gan-an. Torí náà, ní nǹkan bí aago méje alẹ́, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fi sí ìpele òkè fún ogójì ìṣẹ́jú kí ọmọ tó wọlé sùn. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e wá sí àárín, kì í ṣe ìsàlẹ̀.

Xiaomi ń bá fóònù sọ̀rọ̀ lórí Wi-Fi, Core 300 kò lè ṣe ìyẹn. Èyí tí wọ́n fi S sí lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ ló ní i. N kò ní torí rẹ̀ san kọ́bọ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n fẹ́ tà fún yín, tí èdè wọn wà lára rẹ̀, á ṣiṣẹ́ lórí iná wa, fóònù ló máa yọ yín lẹ́nu.

Asẹ́ ni owó tí kò ní tán. Levoit ní kí á máa pààrọ̀ tirẹ̀ ní oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, Xiaomi ní mẹ́fà sí méjìlá. Ẹ yọ díẹ̀ kúrò nínú ìyẹn, torí àwọn tó kọ ọ́ kò rí eruku pupa Láfẹ́nwá, wọn ò sì mọ ọyẹ́ tó ń gbé iyẹ̀pẹ̀ láti kòtò Bodélé ní ilẹ̀ Chad wá bá wa. Kí ẹ tó san owó ẹ̀rọ èyíkéyìí ní Pánṣẹ́kẹ́ tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí wọ́n fi asẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ní nílẹ̀ hàn yín, kí wọ́n sì sọ iye rẹ̀. Ẹni tó bá ní "ó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀", ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ asẹ́ yìí. Bí omi bá ti kan án, bébà rẹ̀ ti bàjẹ́, bó tilẹ̀ mọ́ lójú. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ máa fi gbá ìta rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ohun kan tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ẹ̀rọ mẹ́ta ni wọ́n ti gbé wá bá mi pé kò ṣiṣẹ́, tó jẹ́ pé ọ̀rá tí wọ́n fi wé asẹ́ láti ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ ṣí ìdí ẹ̀rọ kí ẹ wò ó kí ẹ tó tan án.

Xiaomi ni kí ẹ mú, màmá. Iná ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ó sẹ́ eruku ju èkejì lọ. Kí ẹ̀gbọ́n yín fi owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń pariwo bí carbon monoxide bá wọ yàrá, èyí tó ń lo bátìrì bíi ti tọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn kò ní wàhálà fólútì, kò tóbi nínú ẹrù, òun gan-an sì ni ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀.

Ẹ gbé ẹ̀rọ náà sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sí ògiri, kó má ṣe wà lẹ́yìn kọ́tìnnì tàbí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fèrèsé gbọ́dọ̀ wà ní títì bó bá ń ṣiṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo eruku títì ni ẹ ní kó sẹ́. Mo mọ̀ pé ooru Abẹ́òkúta kò gba ìyẹn ní oṣù kẹta. Inú ọyẹ́ ni ẹ nílò rẹ̀ jù, òru ìgbà yẹn sì tutù; bí òjò bá ti fọ ojú ọ̀run tán, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ̀rọ sinmi. Kọ́ìlì ẹ̀fọn kò gbọdọ̀ bá a gbé yàrá kan náà, nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ta. Aṣọ tútù ni kí ẹ máa fi nu ilẹ̀; ìgbálẹ̀ ń gbé eruku dìde ni. Oògùn fífà tí dókítà kọ fún ọmọ kò gbọdọ̀ dúró nítorí pé ẹ ra ẹ̀rọ. Bí èémí rẹ̀ bá ń há, ilé ìwòsàn FMC Ìdí-Abà ni ẹ ń lọ, ẹ má dúró wo ẹ̀rọ lójú.

Bí ẹ bá ti rà á, ẹ ya fọ́tò ìdí rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ fólútì sí, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó kì í bọ iná.