Èsì: Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ẹ̀sì wọn kẹ́ ẹ tó fún wọn lóògùn
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé kẹ́ ẹ kàn pín oògùn màléríà fún gbogbo ẹni tára ẹ̀ bá gbóná lábúlé tẹ́ ẹ fẹ́ ti Òṣogbo lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi RDT, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tó ń yára fi màléríà hàn, tẹ́ẹ̀sì wọn. Tó bá jẹ́ màléríà, oògùn màléríà tí wọ́n ń pè ní Artemether-Lumefantrine, ti ọjọ́ 3 ni, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n lo àkọ́kọ́ lójú yín pẹ̀lú oúnjẹ tó lépo, kẹ́ ẹ sì tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n lò ó tán torí tára bá ti fúyẹ́ díẹ̀ báyìí àwọn mìíì á tọ́jú èyí tó kù pamọ́, ó máa ń dùn mí gan-an. Ọmọ tí gìrì bá mú tàbí tí ò lè mumi, ọsibítù ló ń lọ kíákíá, ẹ ti ṣètò mọ́tò ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò n'Óṣogbo.